Àwa Mẹ́rin Létí Òkun Fìjìrọ̀sẹ̀

Ohùn kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi kò lè gbọ́ mọ́ ní Kútọnù yìí. Ohùn mọ́bílẹ́ẹ̀tì ni, alùpùpù kékeré tí ó ní ẹsẹ̀ tí a fi ń wà á bíi kẹ̀kẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun, tí a sì rẹjú díẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan lókèèrè, páú-páú-páú, òmíràn yóò sì dá a lóhùn láti àdúgbò kejì. Ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín wọn. Etí òkun ni gbogbo wọn ń lọ. Lónìí, àwọn ọlọ́kadà sẹ́mìjáǹ ti gba gbogbo títì, ariwo wọn ní ọjọ́ ìsinmi kò sì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ajé. Ariwo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ènìyàn lè gbọ́ kó ní, "Háà, àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń bọ̀ yẹn."

Ẹ má rò pé ìgbà ọmọge mi ni mò ń sọ. Rárá o. Nígbà èwe wa, ta ló ráyè? Iṣẹ́ ni, ọmọ ni, àlejò láti Pobẹ̀ ni, ìyá ọkọ ni. Ìgbà tí a ti lé ní ogójì ọdún, tí àwọn òbí yín ti lọ ń gbé nílé ẹ̀kọ́, ni ilé wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, tí èmi àti bàbá yín àgbà ń wo ara wa lórí tábìlì bí àwọn àlejò méjì tó wọ ọkọ̀ kan náà. Ìgbà yẹn ni a tó kọ́ fàájì. Àgbàlagbà náà ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Kì í ṣe ohun tí a ń bí mọ́ ènìyàn.

Bàbá yín àgbà, ẹ kò bá a láyé dáadáa. Ará Kétu ni, akọ̀wé ni ní èbúté. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá wọ aṣọ tuntun, tí mo yí iwájú, tí mo yí ẹ̀yìn, yóò ní, "Ó dáa." Bí ilé bá ń jó, mo gbà pé ohun tí yóò sọ ni pé, "Kò dáa." Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó yàn, ọlọ́rọ̀ ni. Romúálù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsíì padà wá sílé. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n ń yẹ ìwé ẹrù wò kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí òkè. Romúálù sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn aṣọ funfun, ó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé láti Kútọnù dé Àjàṣẹ́, kò sí ọkùnrin tó mọ ijó tó òun. Felisitẹ́ ìyàwó rẹ̀, Tàǹtí Felisitẹ́ yín yìí, ń ta aṣọ ní ọjà Misẹbó. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu nípa ijó, yóò rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò wo ọ̀dọ̀ omi.

Àwa mẹ́rin yìí la jọ ń jáde. Bí ọ̀kan bá pẹ́, a ó dúró dè é. Bí òjò bá rọ̀, ilé ẹni tó bá sún mọ́ la ó dà sí. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Fìjìrọ̀sẹ̀ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Títì ọlọ́dà tó wà níbẹ̀ lónìí kò sí, àwọn ilé ọtí tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn bá ara wọn jà kò sí. Igi àgbọn ló wà, àti ahéré àwọn apẹja, àti iyanrìn tó ń gba mọ́bílẹ́ẹ̀tì mú débi pé a ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí a máa tì í. Èmi a gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín, Felisitẹ́ a gbé ata tó gún, àti àkàrà aládùn kan tí ó máa ń dín ní àárọ̀ kí ó tó lọ sí Mísà. A ó tẹ́ ẹní. Afẹ́fẹ́ òkun yóò da iyanrìn sínú ata, a ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá jẹ ata tí kò há mi léyín, ó ń ṣe mí bíi pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Bí a bá bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n bọ̀ láti inú òkun, Romúálù ni yóò kọ́kọ́ ká ṣòkòtò sókè. "Bàbá Bọ̀dé, wá, jẹ́ ká ràn wọ́n lọ́wọ́!" Bàbá yín àgbà, tí kì í ká ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni láyé, yóò sì bọ́ bàtà. Àwọn apẹja ń kọrin, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún iyanrìn, àwọn akọ̀wé méjì wà láàárín wọn tí wọn kò mọ orin, tí wọn kò sì mọ ìgbà tí à ń fà. Lọ́jọ́ kan okùn yọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn méjèèjì fi ìdí jókòó sínú omi. Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín títí orin fi bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n fún wa ní ẹja ńlá kan, wọ́n ní kí a fi tu àwọn ìdí náà nínú.

Tí ọjọ́ kejì Àjíǹde bá wá dé, hẹn-ẹ́n, gbogbo Kútọnù ni yóò tú dà sí etí òkun. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ta ló ń béèrè? Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ nígbà náà tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bo òrùlé rẹ̀. Onílé náà ní ẹ̀rọ tí ń kọ àwo orin. Ọ̀sán gangan là ń jó níbẹ̀, lórí iyanrìn, àwa tí irun wa ti ń funfun, ojú kò sì tì wá. Romúálù a na ọwọ́ sí Felisitẹ́ bí ẹni tó ń pe ọbabìnrin. Èmi àti bàbá yín àgbà a jókòó ti ọtí wa, tí mo bá sì fún un ní ìgbúnwọ́ pé kó dìde, yóò ní, "Ibí yìí dáa."

Bẹ́ẹ̀ ni a wà títí ọ̀rọ̀ káàdì fi dé.

Bẹlọ́ọ̀tì, eré káàdì àwọn Faransé, ni a máa ń ta lórí ẹní, àwọn ọkùnrin sí ìhà kan, àwa obìnrin sí ìkejì. Bàbá yín àgbà kì í fi bẹlọ́ọ̀tì ṣeré. Ọkùnrin tí ilé lè jó lójú rẹ̀ kó dákẹ́, bí ènìyàn bá ta káàdì òmùgọ̀, inú rẹ̀ a ru. Lọ́jọ́ náà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n borí wa, Romúálù ju káàdì pupa kan sílẹ̀ tí kò yẹ kó jù, ó pe káàdì alámì ọkàn ní dáyámọ́ǹdì. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó tún ṣe é. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá yín àgbà da káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí o kò bá fẹ́ ta á pẹ̀lú mi, sọ."

Romúálù ní, "Ta ló ní mi ò fẹ́ ta á?"

"O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn obìnrin."

Mo retí pé kí Romúálù pa á lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi ẹ̀rín pa. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Felisitẹ́, jẹ́ ká máa lọ." Oòrùn kò tíì wọ̀. Felisitẹ́ ló wa mọ́bílẹ́ẹ̀tì wọn lọ sílé, Romúálù jókòó sẹ́yìn. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú bàbá yín àgbà ń ru, mi ò bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a tẹ́ ẹní, wọn kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, wọn kò wá. Bàbá yín àgbà ní, "Kí ó máa bínú." Ní ibi iṣẹ́, wọ́n ní Romúálù gba ìsinmi, ara rẹ̀ kò yá. Bàbá yín àgbà kò béèrè síwájú. Ẹja díndín tí mo gbé lọ, a kò jẹ ẹ́ tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ ká kà á.

Èmi ni mo lọ sí Misẹbó. Mo díbọ́n pé aṣọ ni mo fẹ́ rà. Felisitẹ́ jókòó sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀, ó rù. Ó tẹ́ ọ̀kan fún mi, ó tẹ́ òmíràn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Sẹ́lí, kí ni a ṣe fún yín?"

Ó ní, "Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ìyá Bọ̀dé, ojú rẹ̀ ni."

"Ojú ta?"

"Ojú ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣú. Kò rí àwọ̀ mọ́, kò rí ìwé. Ó há ìwé ẹrù sórí, ó ń fi àgbékalẹ̀ rẹ̀ dá a mọ̀. Dókítà ti ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ó fi mí búra pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fa òun lọ́wọ́ kiri etí òkun bí àgbò Iléyá."

Ó sunkún síbẹ̀, ó fi aṣọ tó fẹ́ tà fún mi nu ojú. Obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí ẹ̀yìn sí wa, ó ń ka aṣọ rẹ̀ tí kò nílò kíkà, kó lè fún wa láyè. Bí àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá yín àgbà, ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sílẹ̀ nínú àwo, kò jẹ mọ́. Ó ní, "Èmi tí mo jókòó tì í lójoojúmọ́." Ó fọ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó lọ.

Felisitẹ́ ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Bàbá yín àgbà kan ilẹ̀kùn, Felisitẹ́ ṣí i, kó tó kí i tán ni Romúálù ti kígbe láti inú yàrá pé, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé!"

Bàbá yín àgbà ní, "Kò burú. Màá jókòó dè é títí yóò fi dé."

Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, lábẹ́ fèrèsé yàrá náà, ó jókòó. Kò bẹ̀bẹ̀, kò wàásù, kò sọ ìtàn ẹni tí ojú rẹ̀ là lójijì. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó dìde, ó wá sílé. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Mo ní, "Ṣé ó ti bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Kò tíì dé." Báyìí ni ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi wa ṣe kúrò ní Fìjìrọ̀sẹ̀ tó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Romúálù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Èmi àti Felisitẹ́ a wà ní ilé ìdáná, bàbá yín àgbà a wà lábẹ́ fèrèsé bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́lé. Títí di ọjọ́ kan tí a gbọ́ ohùn láti inú fèrèsé náà.

"Bàbá Bọ̀dé, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ Felisitẹ́ tó dúró nínú ìkòkò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Romúálù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó jókòó. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, aṣọ ara rẹ̀ kò funfun. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ etí òkun, yóò ní rárá. Kò ní jẹ́ kí àwọn tó mọ òun lórí ijó rí òun lórí ọ̀pá. A fara dà á títí ó fi sú èmi. Olùkọ́ ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lọ́fun mi.

Mo ní, "Músíè Romúálù, ẹ forí jì mí, kò yẹ kí n sọ báyìí sí ọkùnrin nínú ilé rẹ̀. Ojú yín ló ṣú. Ti Felisitẹ́ kò ṣú. Kí ló dé tí ẹ fi ti òun náà mọ́lé?"

Bàbá yín àgbà wò mí bíi pé mo fọ́ àwo. Romúálù yí orí sí ọ̀nà ilé ìdáná.

"Felisitẹ́, ṣé òótọ́ ni?"

Felisitẹ́ lè sọ pé irọ́ ni. Mo rò pé ohun tí yóò sọ nìyẹn, nítorí obìnrin tí kì í dun ọkọ rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ tipẹ́. Ó ní, "Mo fẹ́ràn òkun."

A dìde, a lọ sílé. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a débẹ̀, a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Romúálù dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ti fá irùngbọ̀n, ó dé fìlà. Ó ti lé Felisitẹ́ jáde kúrò nínú yàrá pé òun yóò wọṣọ fúnra òun. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi pé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún dúdú, ti òsì pupa bí obì. Felisitẹ́ fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Èmi náà fẹ́ gbójú fò ó. Èwo ni ká tún bà á nínú jẹ́ lójú ọ̀nà?

Bàbá yín àgbà ní, "Romúálù, bàtà rẹ kò bára mu."

Ẹ ò bá ti rí wa. Romúálù dúró. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ti òsì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọ̀kan wà fún lílọ, ọ̀kan wà fún bíbọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò rín láti ìgbà ọ̀rọ̀ káàdì, ó rín gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwa náà ń rẹ́rìn-ín, a di ògiri mú. Kò pààrọ̀ bàtà náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ wọ́n lọ.

Nígbà tí a dé etí òkun, àwọn ènìyàn wò wá. Ojú ló wò, ojú kò sì pa ènìyàn. Bàbá yín àgbà kò fà á lọ́wọ́. Ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn, Romúálù ń tẹ̀ lé èjìká náà. Létí omi, ó béèrè pé, "Báwo ni òkun ṣe rí lónìí?"

Ẹni tí kò mọ̀ ju "ó dáa" lọ ni wọ́n bi. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń làágùn.

"Ó ń bínú," ó ní.

"Sí ta?"

"Sí àwa. Ó ní a pẹ́."

Mo ti bá ọkùnrin yẹn gbé láti ìgbà èwe wa. Mi ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di ojú Romúálù, ó sì kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní tipátipá: ọkọ̀ tó wà lókèèrè, àwọ̀ aṣọ àwọn obìnrin, ọmọ tó ń sá fún ìgbì omi. Bí mo bá wọ aṣọ tuntun, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ọ̀rọ̀ dídùn náà.

Ọ̀gá ilé ọtí rí wa. Ó gbé tábìlì méjì kúrò láàárín, ó fi àwo orin sí i. Romúálù na ọwọ́. Felisitẹ́ sáré bọ́ sí i. Wọ́n jó níbẹ̀ lórí iyanrìn nínú oòrùn, wọ́n sún mọ́ ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n kọ lù àfi ajá kan. Nígbà tí Felisitẹ́ padà wá jókòó tì mí, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni? Má bínú sí i, kò ríran."

Ó tẹ̀ sí mi létí. "Ìyá Bọ̀dé, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó kàn ti rí àwáwí báyìí ni."

Ọ̀pọ̀ ọdún la tún fi jáde pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ojú Romúálù kò là. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń bá Felisitẹ́ jókòó ní Misẹbó, ó ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín, ọjà wọn sì ń tà. Òun ló kọ́kọ́ kú, bàbá yín àgbà tẹ̀ lé e. Igi àgbọn púpọ̀ náà ti lọ, òkun ti jẹ ibi tí a ń tẹ́ ẹní sí.

Mi ò sọ pé ayé yín burú. Ẹ̀yin ń rí ojú ẹni tó wà ní Párísì lórí fóònù, àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wò yín, ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹnìkan lè ṣàìjáde fún oṣù mẹ́ta, àwòrán rẹ̀ yóò ṣì máa rẹ́rìn-ín nínú fóònù yín, ẹ ó ní ara rẹ̀ le. Ní tiwa, ẹni tí kò bá wá, ẹní yóò fẹ̀ jù, ẹja yóò ṣẹ́ kù, a ó sì mọ̀ pé a ní láti dìde lọ wá a.

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn? Ẹ ṣí i fún un, kó má bàa dúró síta. Tàǹtí Felisitẹ́ yín ni. Ẹ kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ìyá Bọ̀dé, o ṣì jókòó? Oòrùn ti rọ̀, òkun ń retí wa o."

Mo ń bọ̀, jàre. Ẹ fà mí dìde.